Ara Ajá Ti Yá, Ojú Abẹ Kò Tíì Jinná

Nígbà tí dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, tó ní iṣẹ́ abẹ ti parí, Tanímọ̀la ṣì na gbalaja lórí tábìlì irin. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí wa. Ajá ìbílẹ̀ ni, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Ìbàdàn: etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, kílò 14 ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá tó ni ín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn ọrùn rẹ̀ mú.

“Dókítà, ṣé yóò jí?”

“Ó ti ń jí lọ́wọ́, Màmá. Ẹ wo etí rẹ̀, ó ń mì.”

Lóòótọ́, etí náà ń mì. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì wọlé wá fi ọwọ́ kan orí ajá rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe fún un kò pẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kékeré. Láti alẹ́ tó ṣáájú ni Màmá kò ti fún un lóúnjẹ, torí pé ajá tí inú rẹ̀ kún lè bì nígbà tí oògùn oorun bá gbé e, kí èébì náà sì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó gún un ní abẹ́rẹ́ xylazine àti ketamine, oògùn méjì tí ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko ní Nàìjíríà máa ń lò pọ̀. Wọ́n fá irun ikùn rẹ̀, wọ́n fi oògùn apakòkòrò nù ún léraléra, wọ́n wá la ikùn náà nísàlẹ̀ ìdodo, lójú ìlà funfun tó pín iṣan ikùn sí méjì, torí ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Mo rí ilé ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á jáde. Kò rí bíi ti ènìyàn. Ó ní apá méjì gígùn, inú apá méjèèjì ni àwọn ọmọ máa ń tò sí tẹ̀léra-tẹ̀léra nígbà oyún. Wọ́n so àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pinpin, wọ́n gé ilé ọmọ àti ilé ẹyin méjèèjì kúrò. Òwú tó máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi rán inú, òwú nylon ni wọ́n fi rán awọ ìta. Gbogbo ojú abẹ náà kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé Màmá dé ibẹ̀. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni abo ajá máa ń wá akọ, oyún rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 63. Nígbà tí Tanímọ̀la ń wá akọ kẹ́yìn, ẹnu géètì Màmá kún fún akọ ajá àdúgbò tọ̀sán-tòru, wọ́n ń jà, wọ́n ń gbó, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ọgbà. Ó bímọ. Akọ ni àwọn ènìyàn wá tọrọ, wọ́n ní abo á tún lọ bímọ sí wọn lọ́rùn. Àwọn abo tó kù, Màmá kó wọn fún ẹni tó ṣèlérí pé òun á tọ́jú wọn, kò sì pẹ́ tó fi rí méjì lára wọn ní ààtàn. Irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ tí kò bá kú, ìgboro ni yóò dàgbà sí láìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi mú, ó lè tó 99 tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ló ti kó o.

Ará ilé kan sọ fún Màmá lójú mi pé ó ti sọ ajá rẹ̀ di àgàn. Màmá ní, “Ta ni yóò pe ajá ní àgàn? Èmi tí mo rí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ààtàn, èmi ni kí ẹ bi léèrè.” Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá tún fi kún un pé ajá tí kò ní ilé ọmọ mọ́ bọ́ lọ́wọ́ àrùn tó máa ń kó ọyún sí ilé ọmọ abo ajá àgbà, tó sì máa ń pa á bí wọn kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, inú rere ni mo rí nínú ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà parí lórí tábìlì yẹn. Èyí tó kù di ti ilé.

Àwọn awakọ̀ kèké kan kọ̀, wọn ò gbé ajá. Ẹni tó gbà gbé wa ní kí a tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Màmá gbé orí Tanímọ̀la lé itan, ó jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ, torí dókítà ní bí ọrùn ajá tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀ bá ká, èémí rẹ̀ lè dí. Nílé, orí ìró àtijọ́ ni a tẹ́ ẹ sí, nínú yàrá, nílẹ̀. Kì í ṣe orí àga tàbí àtẹ̀gùn tó ti lè já bọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbà á, kì í sì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò níta níbi tó máa ń sùn tẹ́lẹ̀. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Oògùn oorun máa ń mú kí ara ajá tutù, ikùn tí wọ́n fá irun rẹ̀ tún dá kún un. Màmá fi ìró mìíràn bò ó, ó sì lé àwọn ọmọdé jáde kúrò nínú yàrá.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe kan tó fà gùn, tó ń já mi láyà. Mo rò pé ìrora ni. Dókítà ti sọ fún Màmá tẹ́lẹ̀ pé oògùn tó ń kúrò lára máa ń da ajá lórí rú, ó lè ké láìmọ̀ pé òun ń ké, ó lè ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó lè wo ẹni tó mọ̀ dáadáa bí àlejò. Nítorí náà Màmá jókòó tì í, kò gbé e, kò mi ín, ó kàn ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó gbé orí dúró fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún un lómi díẹ̀ nínú ìsàlẹ̀ abọ́. Nígbà tó dìde tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fún un ní ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, kò tó ìlàjì oúnjẹ tó máa ń jẹ. Ó bì í. Ìgbà kan péré ni, a kò sì fún un ní òmíràn títí ilẹ̀ fi mọ́. Èébì ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun ìpayà. Èyí tí kò bá dáwọ́ dúró ni kí a gbé lọ bá dókítà.

Iná lọ láàárín òru. Màmá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó ti ètè ajá náà sókè, ó fi ìka tẹ ẹran ìdí eyín rẹ̀. Ibẹ̀ funfun. Ó gbé ìka kúrò, kí a tó ka ení, èjì, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti padà síbẹ̀. Ohun tí dókítà kọ́ ọ nìyẹn, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo olówó ajá mọ̀ ọ́n, torí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú ikùn láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn níta. Bí ẹran ìdí eyín bá funfun tí àwọ̀ kò sì padà, bí ikùn bá ń wú, bí ajá kò bá lè gbé orí mọ́, ilé ìwòsàn ni, lóru yẹn náà. Ẹ má dúró de àárọ̀.

Bí a ti ń ṣe èyí, ọmọ-ọmọ Màmá gbé páálí oògùn kan wá. “Màmá àgbà, ṣé ká fún un ní ibuprofen tí ẹ máa ń lò sí orúnkún?” Ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora ènìyàn ti pa ajá púpọ̀. Ibuprofen àti diclofenac, tí kò sí ṣọ́ọ̀bù oògùn tí wọn kò tà wọ́n ládùúgbò wa, máa ń lu ikùn ajá títí yóò fi máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Meloxicam ti ẹranko ni dókítà fún Màmá, ìwọ̀n ara ajá ló fi ṣírò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Màmá gba páálí náà lọ́wọ́ ọmọ, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìjà àrọ bẹ̀rẹ̀. Ohun oníke kan ni dókítà so mọ́ ọn lọ́rùn kó má baà lè fi ẹnu kan ikùn; ó là lókè, ó sì ṣe tín-ín-rín nísàlẹ̀ bí àrọ tí àwọn elépo fi ń rọ kẹrosíìnì, nítorí náà àrọ ni gbogbo ilé ń pè é. Tanímọ̀la kórìíra rẹ̀. Ó fi kọlu ẹsẹ̀ àga, ó fi há sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bí ẹni pé yóò bọ́ sílẹ̀ níwájú. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wa. Ẹnìkan ní kí wọ́n jẹ́ kó fi ahọ́n lá ojú abẹ rẹ̀ díẹ̀, torí itọ́ ajá ń wo ọgbẹ́ sàn. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, kò sì jẹ́ òtítọ́ níbi ojú abẹ. Ẹnu ajá kún fún kòkòrò àrùn; ahọ́n rẹ̀ ń họ awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lẹ̀; nígbà tí lílá kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, eyín ni yóò fi fa òwú. Kí a tó lọ bu omi mu kí a padà, ó ti lè tú gbogbo rẹ̀.

Màmá kò bọ́ àrọ náà àfi nígbà oúnjẹ, ó sì máa ń dúró tì í títí yóò fi jẹun tán. Nígbà tó di pé ọrùn ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, dókítà gbà á láyè lórí fóònù láti wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọdé fún un ní ọ̀sán tí ènìyàn bá wà nítòsí: ẹsẹ̀ iwájú gba ojú apá, wọ́n wá di ìdí aṣọ náà ní kókó sókè ẹ̀yìn, kó má baà tutù nígbà tó bá ń tọ̀. Lálẹ́, tí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ là, àrọ padà sọ́rùn.

Àárọ̀ àti alẹ́ ni Màmá ń wo ojú abẹ. Ó ń wò ó ni, kì í fọwọ́ kàn án. Ètè ọgbẹ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ó pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kókó kékeré kan sì le lábẹ́ awọ níbi tí wọ́n ti so òwú inú. Ìwọ̀nyí kò burú. Ohun tí dókítà ní ká máa ṣọ́ ni omi tàbí ọyún tó ń jáde, òórùn, wíwú tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àti ibi tó bá là, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹnìkan tún fi ọwọ́ kan ajá náà, ó ní ibà ń ṣe é. Màmá lo tẹmómítà: 38.8. Ara ajá tó le koko máa ń gbóná ju tiwa lọ, láàárín 38.3 sí 39.2, nítorí náà ọwọ́ wa kì í ṣe ẹlẹ́rìí tòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ ibà ajá.

Wọn ò fi nǹkan kan sí ojú abẹ náà. Mo kọ èyí sílẹ̀ torí pé gbogbo àlejò tó wọlé ló mú ìmọ̀ràn dání. Sípíríìtì, Dettol, hydrogen peroxide, àdí, títí dé ọ́ìlì ẹnjìnnì dúdú tí àwọn kan máa ń fi pa àrùn awọ ajá. Sípíríìtì àti peroxide ń jó ẹran ara tuntun tó ń hù, ọ́ìlì ẹnjìnnì ní májèlé nínú, ajá á sì lá a mì. Ojú abẹ tó mọ́, tó gbẹ, kò fẹ́ ju kí a fi í sílẹ̀ lọ. Wọn ò wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, títí wọ́n fi yọ òwú.

Eṣinṣin ló bà mí lẹ́rù jù. Ìgbà máńgòrò ni, èso tó já sílẹ̀ ń jẹrà lágbàlá, eṣinṣin sì bo ibẹ̀. Wọn kì í pẹ́ gbọ́ òórùn ọgbẹ́. Bí eṣinṣin bá yé ẹyin sí ojú abẹ tó tutù, ìdin lè jáde níbẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Èyí ni ìwé àwọn òyìnbó nípa ìtọ́jú ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, torí òtútù ibẹ̀ ti bá wọn ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kó wà lókè pátápátá. Màmá kó máńgòrò nílẹ̀ láràárọ̀, ó ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ibi tí Tanímọ̀la ń sùn, ó ń pààrọ̀ ìró tó sùn lé lójoojúmọ́. Gbogbo ìró tí wọ́n bá sì sá síta ni wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ kó tó kàn án lára, nítorí irú eṣinṣin kan wà tó máa ń yé sára aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ á wá wọ abẹ́ awọ, ènìyàn ni o, ajá ni o.

Ọjọ́ karùn-ún ni ojú Tanímọ̀la mọ́ kedere. Ó jẹun tán, ó gbọ́n ara, ó gbọ́ ìró géètì, ó fò sókè. Inú wa dùn, àyà Màmá sì já. Okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló dá a dúró. Ibí ni mo ti lóye ohun tí dókítà tẹnu mọ́ jù lọ nígbà tó ń kó oògùn fún wa: alẹ́ àkọ́kọ́ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n agbára kò sí lára ajá nígbà náà, kò sí ibi tó fẹ́ sá lọ. Láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, ìrora ti dín, oògùn oorun ti kúrò lára, ajá gbà pé ara òun ti dá. Òwú nìkan ló ṣì di iṣan ikùn náà pọ̀, nítorí ẹran ara tuntun kò tíì gbó. Bí ó bá fo odi, bí ó bá lé ewúrẹ́, bí òun àti ajá mìíràn bá gbéra wọn ṣánlẹ̀, òwú inú lè já kí ìfun sì yọ sábẹ́ awọ tàbí síta. Ilé náà ti ń túra ká ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Oníkálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó yẹ kí ojú là jù ni ojú ń lọ kúrò lára ajá.

Màmá kò tú okùn náà. Ó so ó kúkúrú nínú yàrá, ó sì ń mú un jáde fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́ fúnra rẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ yíká ilé, wọ́n padà. Tanímọ̀la gbó, ó fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀kùn, ó fi ojú bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ ilé bá a bẹ̀bẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó ṣeré díẹ̀, Màmá àgbà, ara rẹ̀ ti yá.” Màmá ní, “Ara rẹ̀ yá. Ikùn rẹ̀ kò tíì yá.” Láti fún un ní iṣẹ́ ṣe, wọ́n máa ń fi ẹja gbígbẹ pamọ́ sínú aṣọ tí wọ́n ká, kó máa fi imú wá a kiri lójú kan. Ó ràn án lọ́wọ́ gan-an.

Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n máa ń yọ òwú ìta. Ní ọjọ́ tí a lọ, a bá ọkùnrin kan tó gbé ajá Alsatian rẹ̀ wá. Àánú ló mú un bọ́ àrọ ọrùn ajá náà ní òru kan ṣoṣo. Ní òwúrọ̀, ojú abẹ ti là, wọ́n sì ní láti tún fún un lóògùn oorun, kí wọ́n tún un rán. Ọkùnrin náà kò lè gbé ojú sókè. Mo bá a kẹ́dùn, nítorí ẹni tó fẹ́ràn ajá rẹ̀ ni, ìfẹ́ náà ló sì tì í. Ti Tanímọ̀la kò pẹ́ rárá: dókítà gé òwú kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá kókó, ó fà á yọ, ajá náà kò tilẹ̀ ké. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù níbẹ̀, irun sì ti ń hù bò ó.

Iṣẹ́ abẹ ti akọ ajá fúyẹ́ díẹ̀ sí i, torí wọn kò la ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Àpò ẹpọ̀n rẹ̀ lè wú díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá wú ju bó ti wà kí wọ́n tó ṣe é, ẹ pe dókítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àtọ̀ ṣì lè ṣẹ́kù sí i lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà kí ó má tíì sún mọ́ abo tó ń wá akọ. Àti akọ àti abo, oúnjẹ wọn ní láti dín díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á sanra ju bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní abo ajá nílé, ẹ lọ rí dókítà ẹranko kí ajá náà tó tún wá akọ. Ẹ bi í ní iye owó, ẹ bi í bóyá oògùn ìrora àti àrọ ọrùn wà nínú owó náà, ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru. Kí ẹ sì mú ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnìkan yóò wà nílé, pàápàá láti ọjọ́ kẹrin lọ.